Ìfìṣedánwò àti Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín Àṣà: Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ àti Olùdánwò Yorùbá

1. Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro kékeré kan tí ó lè bá ẹnikẹ́ni nínú wa nídìí tábìlì tí a ti ń máàkì ìwé ìdánwò. Ká ní a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan láti túmọ̀ sí Yorùbá, tí gbólóhùn náà dá lórí bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 'know'. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ 'A mọ̀ pé ayé ń yí oòrùn ká.' Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kọ 'A gbọ́ pé ayé ń yí oòrùn ká.' Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ìmáàkì ní 'mọ̀' ni ìdáhùn. Olùdánwò kan fagi lé iṣẹ́ ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Èkejì ní kí a dúró ná, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ọ̀ràn náà ṣojú rẹ̀. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì?

Lójú ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ yìí fìrí, ọ̀ràn máàkì kan tàbí méjì ni. Lójú tiwa, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn méjèèjì ń jiyàn lé lórí ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú èdè kan bá ọ̀rọ̀ inú èdè mìíràn dọ́gba, àti ta ni ó ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìdọ́gba náà. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni òṣùwọ̀n nígbà gbogbo, a jẹ́ pé iṣẹ́ wa kò ju pé kí a máa wá orúkọ Yorùbá fún èrò tí àwọn ẹlòmíràn ti rò tán. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwa ni a ni òṣùwọ̀n nígbà gbogbo, kò sí ohun tí a lè rí kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní, a ó ṣàlàyé ẹ̀ka ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'pragmatism'. Èkejì, a ó wo ibi méjì tí ẹ̀kọ́ náà ti pàdé àṣà mìíràn: ilẹ̀ Ṣáínà láàárín 1919 sí 1921, àti Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ méjì tí ìwé wọn jáde ní 1986. Ẹ̀kẹta, a ó padà sí orí tábìlì ìmáàkì láti wo ohun tí gbogbo rẹ̀ kàn wá sí.

2. Kí ni Ìfìṣedánwò?

Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì 'pragma', tí ó túmọ̀ sí ohun tí a ṣe tàbí ìṣe, ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá. Nínú iṣẹ́ yìí, ìfìṣedánwò ni a ó máa pè é, nítorí pé ohun tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ń sọ ni pé kí a máa fi ìṣe dán ọ̀rọ̀ àti èrò wò. A ó sì máa pe àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà ní onífìṣedánwò.

Charles Sanders Peirce (1839–1914) ni ó kọ́kọ́ là á sílẹ̀, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1878 lórí bí a ṣe lè mú kí èrò wa yé wa yékéyéké. Àpẹẹrẹ kan tí ó lò ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan ní líle. Kí ni a ń sọ bí a bá ní òkúta kan le? Peirce ní ohun tí a ń sọ kò ju pé ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn kò ní lè ha á. Bí a bá kó gbogbo ohun tí a lè retí láti ara nǹkan náà jọ, a ti kó gbogbo ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ náà jọ. Bí èrò méjì kò bá sì ní ìyàtọ̀ kankan nínú ohun tí a lè retí láti ara wọn, èrò kan ṣoṣo ni wọ́n, bí ọ̀rọ̀ tí a fi sọ wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀.

William James (1842–1910) ni ó sọ ẹ̀kọ́ yìí di ohun tí ayé gbọ́. Ó dárúkọ rẹ̀ ní gbangba nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní California ní 1898, ó sì kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1907. Nínú ìwé náà ni ó ti sọ ìtàn ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ dì mọ́ ara igi. Ọkùnrin kan ń sáré yí igi náà po kí ó lè rí i. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe ń yí ni ọ̀kẹ́rẹ́ náà ń yí, tí igi fi wà láàárín wọn títí. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀: ǹjẹ́ ọkùnrin yìí yí ọ̀kẹ́rẹ́ náà ká àbí kò yí i ká? James ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń pè ní 'yí ká'. Bí ó bá jẹ́ pé kí ènìyàn wà ní àríwá nǹkan, kí ó bọ́ sí ìlà-oòrùn rẹ̀, sí gúúsù rẹ̀, sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni, ó yí i ká. Bí ó bá jẹ́ pé kí ó wà ní iwájú rẹ̀, kí ó bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, sí ẹ̀yìn rẹ̀, sí apá òsì rẹ̀ ni, kò yí i ká, nítorí pé ikùn ni ọ̀kẹ́rẹ́ náà kọ sí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí a bá ti sọ èyí tí a ń fẹ́, ìjà parí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjà tí a ń jà lórí ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó jọ ìjà ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹni kẹta ni John Dewey (1859–1952). Ní ti Dewey, èrò jẹ́ irinṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ àti àdá ti jẹ́. Ìgbà tí nǹkan bá rú wa lójú ni a ń ronú. A ó dá àbá kan, a ó fi ṣiṣẹ́, a ó sì wo bóyá ó tú ìṣòro náà. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, a ó tún un rọ. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ètò ìjọba àwa-ara-wa àti ẹ̀kọ́, tí ó jáde ní 1916, ó ṣàlàyé pé àwùjọ tí ó sé ara rẹ̀ mọ́ dín ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí kọ́ kù. Àwọn àgbà wa ti sọ irú rẹ̀: bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Níhìn-ín ni ìfìṣedánwò àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín àṣà ti so pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣe ni a fi ń dán èrò wò, ẹni tí ìgbé-ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ti dán àwọn ohun kan wò tí àwa kò tíì dán wò.

Àṣìṣe kan wà tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún. Àwọn kan rò pé ohun tí àwọn onífìṣedánwò ń sọ ni pé ohunkóhun tí ó bá ti mú èrè wá fún ènìyàn ni òótọ́. Bí àwọn kan ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ Peirce fúnra rẹ̀ lọ́rùn, débi pé ní 1905 ó yí orúkọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ padà kí ó lè yàtọ̀ sí tiwọn. A lè fi òwe tiwa kan ṣàlàyé ewu náà. A máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ẹni kan lè fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: ewé wo ni ó kù? Ẹlòmíràn lè fi pa ìwádìí rẹ́, kí ó má baà sí ọjọ́ kan tí a ó sọ pé oògùn òun kò dára. Òwe kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe lẹ́nu àwọn méjèèjì yàtọ̀. Ohun tí onífìṣedánwò ń béèrè ni pé kí a lo ọ̀rọ̀ bí ẹni àkọ́kọ́ ti lò ó.

3. Dewey ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Dewey gúnlẹ̀ sí Shanghai ní òpin oṣù kẹrin ọdún 1919. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde sí ìgboro Beijing láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí ìpinnu tí a ṣe ní Versailles pé kí a gbé ẹ̀tọ́ tí Jámánì ní ní Shandong fún Japan. Àbẹ̀wò tí Dewey rò pé yóò kúrú di ọdún méjì gbáko; oṣù keje ọdún 1921 ni ó tó kúrò. Ó kọ́ni ní Beijing, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ní ìlú púpọ̀. Àwọn tí ó ti kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ni ó sábà ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Hu Shi (1891–1962).

Ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè ṣe àkíyèsí ni ohun tí Hu Shi ti ń ṣe kí Dewey tó dé. Láyé ìgbà náà, èdè àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ̀rọ̀ nílé mọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà fi ń kọ̀wé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1917, Hu Shi gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi rọ àwọn òǹkọ̀wé pé kí wọ́n máa lo èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́nu. Àwọn kan gbà pé èdè ẹnu lè wúlò fún ìtàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò lè gbé ewì. Hu Shi kò kàn jókòó kí ó máa bá wọn jiyàn. Ó fi èdè náà kọ ewì, ó kó wọn jọ sínú ìwé kan ní 1920, orúkọ tí ó sì fún ìwé náà túmọ̀ sí Ìgbìdánwò. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Beijing pàṣẹ pé èdè ẹnu ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún kìn-ín-ní àti ìkejì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí Hu Shi yàn láti fi túmọ̀ ẹ̀kọ́ Dewey sì tún bá èyí mu: ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìdánwò, irú èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe, ni ó fi pè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dewey mìíràn ni Tao Xingzhi (1891–1946). Dewey ti kọ́ ọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ìgbé-ayé, àti pé kí ilé-ẹ̀kọ́ dà bí àwùjọ. Nígbà tí Tao dé ilé, ó rí i pé ọmọ àgbẹ̀ tí kò tilẹ̀ rí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀ ni ó pọ̀ jù lọ. Nítorí náà, ó yí ọ̀rọ̀ náà lórí padà: ìgbé-ayé ni ẹ̀kọ́, àwùjọ sì ni ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1927 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Xiaozhuang lẹ́bàá Nanjing, níbi tí olùkọ́ ti ń dáko. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ní ìtàn. Nítorí ẹ̀kọ́ Wang Yangming (1472–1529), tí ó ní ìmọ̀ àti ìṣe kò ṣe é yà nípá, ó ti kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ ní Zhixing, èyí tí ó túmọ̀ sí ìmọ̀-ìṣe. Nígbà tí ó yá, ó gbà pé ìṣe ni ó ń ṣáájú, ó sì yí i sí Xingzhi, ìṣe-ìmọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú èyí. Àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ tí ó ti òkè òkun wá kò bá ilé òfìfo. Ó bá Wang Yangming nílé, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ lára ara wọn. Èkejì, ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ náà dáadáa jù ni ẹni tí ó tún un rọ. Ṣùgbọ́n kí a má fi oyin sí i jù. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kì í dá wà láìsí ọ̀ràn agbára. Láàárín 1954 sí 1955, ìjọba tuntun ilẹ̀ Ṣáínà gbé ogun ọ̀rọ̀ ti Hu Shi, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu Dewey mọ́ ọn. Ohun tí a fi ìtàkurọ̀sọ kọ́, àṣẹ lè wó o.

4. 'Mọ̀' àti 'Gbàgbọ́': Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan ní Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ní 1960, W. V. O. Quine (1908–2000), onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà tí ó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí ìfìṣedánwò tọ́, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àti nǹkan. Ó ní kí a ro onímọ̀ èdè kan tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè wọn rí. Ehoro sá kọjá. Ọmọ ìlú náà ní 'gavagai'. Onímọ̀ èdè kọ ọ́ sílẹ̀ pé 'ehoro'. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yà ara ehoro, tàbí ehoro fún ìṣẹ́jú yìí nìkan, ni ẹni náà ń sọ? Quine ní ìwé ìtumọ̀ méjì lè wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn náà ń sọ tí wọ́n sì ń ṣe mu, síbẹ̀ kí wọ́n má bá ara wọn mu.

Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìbéèrè yìí wá sórí èdè Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè pé 'know' ni mọ̀, 'believe' sì ni gbàgbọ́. Wọ́n bá àwọn oníṣègùn jókòó lemọ́lemọ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ nínú ìmọ̀, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìgbà tí ènìyàn lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ nǹkan. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 1986 fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba bí a ti rò.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣègùn náà ti ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí ó ṣojú ẹni, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ènìyàn mọ̀. Òótọ́ sì bá ìmọ̀ lọ. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà ni a gbàgbọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn nínú ìhun ọ̀rọ̀ náà, gbà àti gbọ́. Ẹ wo ohun tí ó ti inú èyí jáde. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kà nínú ìwé ìtàn tàbí ìwé sáyẹ́ǹsì tí ó sì yege nínú rẹ̀ ni a ń pè ní ohun tí ó 'know'. Nínú ìlò àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i tàbí tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Èyí dojú ìtàn kan bolẹ̀ tí ó ti pẹ́ nínú ìwé àwọn òyìnbó, pé ohun tí baba bá sọ ni ọmọ Áfíríkà ń gbé mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn náà, ohun tí a jogún lẹ́nu àwọn baba wa gan-an ni a kò gbọdọ̀ pè ní ìmọ̀ ní tààrà. Arókìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé 'àwọn baba wa ni ó sọ fún wa' kò kàn bọ̀wọ̀ fún òkú. Ó ń sọ irú ẹ̀rí tí òun ní. Bí a bá wá bi Peirce léèrè bí a ṣe lè ya 'mo mọ̀' kúrò lára 'mo gbọ́', yóò ní kí a wo ohun tí ó ń tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìpàdé ẹbí, ẹni tí ó bá ní òun mọ ẹni tí ó gbé nǹkan ni a ó bi pé: 'Ṣé ó ṣojú rẹ?' Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó gbé e kalẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó ní òun gbọ́ ni a ó bi pé: 'Lẹ́nu ta ni?' Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé wọn yàtọ̀, ẹrù tí wọ́n gbé lé asọ̀rọ̀ lórí yàtọ̀, nítorí náà ìtumọ̀ wọn yàtọ̀.

5. Àtakò àti Ìdáhùn

Ẹnìkan lè takò wá pé kì í ṣe gbogbo Yorùbá ni ó ń sọ̀rọ̀ bí oníṣègùn. A máa ń sọ lójoojúmọ́ pé a mọ̀ pé ìlú London tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kò dé ibẹ̀ rí. Òótọ́ ni. A tún ń sọ pé ènìyàn jẹ́ onígbàgbọ́, ohun tí a sì ń sọ ni pé ọmọ ìjọ Kírísítì ni. Ìgbàgbọ́ irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kàn gbọ́, ohun tí ènìyàn fi ara rẹ̀ lé ni. Èdè wa ti bá ìsìn àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti òkè òkun wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ̀ sí i. Ìdáhùn wa ni pé ìlò méjèèjì wà, àti pé ìlò àkọ́kọ́ kò tíì kú. Ẹ kàn bá ẹni tí ó ní òun mọ nǹkan jiyàn díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí yóò ṣe fà sẹ́yìn sí 'ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ o.'

Àtakò kejì ni pé bí kò bá sí òṣùwọ̀n tí ó ga ju gbogbo àṣà lọ, a jẹ́ pé ohun tí ó bá wu kálukú ni òótọ́ rẹ̀. Richard Rorty (1931–2007), onífìṣedánwò ti ìgbà tí ó sún mọ́ wa, dáhùn pé ènìyàn kò lè bọ́ kúrò nínú àṣà tí ó tọ́ ọ dàgbà kí ó lọ dúró síbi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ibi tí a wà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀; iṣẹ́ wa ni kí a máa mú kí àwọn tí a ń pè ní 'àwa' pọ̀ sí i nípa ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Èsì yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú lẹ́tà tí Rorty àti Anindita Niyogi Balslev, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ sí ara wọn, tí a tẹ̀ jáde ní 1991, Balslev pe àkíyèsí sí àṣà tí ó ti wọ́pọ̀ láti ka ìrònú sí ti àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, kí a sì ka ìsìn nìkan sí ti Íńdíà. Ẹni tí ó ti pín ipò fún wa kí a tó jókòó kò tíì bá wa fọ̀rọ̀ wérọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí a kà, ọ̀nà tí Kwasi Wiredu (1931–2022), ọmọ ilẹ̀ Gánà, là sílẹ̀ ni ó wúlò jù fún wa. Wiredu kò fi pamọ́ pé òun rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára Dewey. Ó ní kí onímọ̀ Áfíríkà gbé ìṣòro tí ó kọ́ nínú èdè òyìnbó, kí ó gbìyànjú láti rò ó nínú èdè abínibí rẹ̀. Bí ìṣòro náà bá ṣì dúró, ìṣòro ènìyàn gbogbo lè jẹ́. Bí ó bá yọ́ dànù, ó lè jẹ́ pé ìhun èdè òyìnbó ni ó bí i. Ìdánwò gidi ni èyí, kò sì sọ ẹ̀gbẹ́ kankan di onídàájọ́ ayérayé, nítorí pé a lè ṣe é láti ìhà kejì pẹ̀lú: a lè gbé èrò Yorùbá sínú Gẹ̀ẹ́sì kí a wo èyí tí yóò dúró.

6. Nínú Kíláàsì àti nínú Ìdánwò

A kò ní láti jìnnà kí a tó rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1970, A. Babs Fafunwa (1923–2010) àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Àwọn tí wọ́n ní Yorùbá kò lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ti ń jiyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ náà ni ó dá wọn lóhùn: àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tí Hu Shi fi ewì ṣe ni Fafunwa fi kíláàsì ṣe. Bákan náà ni iṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá, tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé. Kò sí bí ọ̀rọ̀ kan ti lè dára tó lórí ìwé, ẹnu olùkọ́ àti etí ọmọ ni yóò sọ bóyá ó jẹ́.

Láti inú gbogbo èyí, a fẹ́ dá àbá mẹ́ta.

(i) Kí olùkọ́ má ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì bí ẹni ń so ẹran mọ́lẹ̀, pé báyìí ni ti Gẹ̀ẹ́sì, báyìí ni ti Yorùbá. Kí ó kọ́ ọ pẹ̀lú ibi tí a ti ń lò ó: ta ni ó ń sọ ọ́, fún ta ni, kí ni yóò sì tẹ̀lé e? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè tí ó ń tẹ̀lé 'mo mọ̀' àti èyí tí ó ń tẹ̀lé 'mo gbọ́' ti mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

(ii) Kí ìwé ìtọ́sọ́nà fún ìmáàkì aáyan ògbufọ̀ máa sọ iṣẹ́ tí gbólóhùn ń ṣe nínú àyọkà, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ju ìdáhùn kan lọ níbi tí ó bá ti yẹ.

(iii) Kí ìpàdé àwọn olùdánwò ṣáájú ìmáàkì jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní tòótọ́, kí olùdánwò tí ó jẹ́ ọmọdé lè sọ ohun tí ó rí lójú ìwé kí ọ̀gá tó pàṣẹ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

A wá padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ó kọ 'A gbọ́ pé ayé ń yí oòrùn ká.' Ìdájọ́ wa kò ní tẹ́ olùdánwò kankan nínú méjèèjì lọ́rùn pátápátá. Bí àyọkà náà bá ń fi ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ wé ohun tí àwọn ará ìgbàanì rò, 'gbọ́' ti ba iṣẹ́ gbólóhùn náà jẹ́, nítorí pé ó sọ ohun tí òǹkọ̀wé gbé kalẹ̀ gbọn-in di àhesọ. Ọmọ náà yóò pàdánù nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fagi lé e bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ ju bí ìwé ìtọ́sọ́nà ti rò lọ. Bí ọmọ mìíràn bá sì kọ 'Àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ayé ń yí oòrùn ká', kí a fún un ní máàkì rẹ̀ kíkún, nítorí pé ó ti pa òótọ́ èdè méjèèjì mọ́: ọ̀rọ̀ náà dúró ṣinṣin, a sì mọ ẹni tí ó ṣojú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbólóhùn kan dá dúró ni, láìsí àyọkà kankan, a jẹ́ pé àwa tí a ṣe ìbéèrè ni a fi ohun tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pamọ́ fún un.

7. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìfìṣedánwò kò fún àṣà kankan ní àṣẹ lórí òmíràn, kò sì sọ pé ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ tiwa ti dára. Ó ní kí kálukú gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síta, kí a wo ohun tí ó lè ṣe, kí a sì múra láti tún un rọ. Hu Shi àti Tao ṣe é ní Ṣáínà. Hallen, Sodipo àti àwọn oníṣègùn ṣe é ní ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó kù ni tiwa. Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ń gbé ìwé ìdánwò Yorùbá kalẹ̀ níwájú wa, igi pupa tí a bá sì fà sójú rẹ̀ ń sọ fún wọn bóyá èdè ìyá wọn jẹ́ ohun tí a fi ń ronú tàbí ohun tí a kàn fi ń túmọ̀ ìrònú ẹlòmíràn. Ó yẹ kí a rò ó dáadáa kí a tó fà á.